Ẹ̀fẹ̀, kàtúùnù àbí akọni alágbára: èwo ni ká tàn nílé lálẹ́ yìí?

Kí ẹ tó béèrè fíìmù tó dára jù, ẹ kọ́kọ́ wo àwọn tó jókòó sí pálọ̀. Ìyá àgbà tí Gẹ̀ẹ́sì kò fi bẹ́ẹ̀ yé wà níbẹ̀. Ọmọ ọdún 5 tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́ kan ti Camp, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wálé fún ìparí ọ̀sẹ̀, òun náà ní èyí tó ń fẹ́ lọ́kàn. Iná NEPA sì ti lọ láti aago mẹ́ta ọ̀sán. Irú ilé báyìí kún Abẹ́òkúta wa níbí: ó kún Àsẹ́rò, ó kún Ìbarà, ó kún Láfẹ́nwá. Fíìmù kan lè mú gbogbo wọn jókòó títí dópin, òmíràn sì lè lé ìdajì wọn lọ sùn kó tó dé ìdajì.

Ohun tó ń fà á kò ṣòro. Fíìmù ẹ̀fẹ̀ ń béèrè etí: ẹni tí kò bá gbọ́ èdè náà dénú, ẹ̀rín á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kàtúùnù ń béèrè ojú. Fíìmù akọni alágbára, irú ti Marvel àti Batman, ń béèrè ìrántí, nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú fíìmù mìíràn lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn lè jẹ́ ìdí ẹkún tòní. Èrò wa ni pé yíyan fíìmù nítorí òkìkí nìkan ló ń ba alẹ́ jẹ́ jù. Ẹni tó fẹ́ wò ó àti iná tí wọ́n fẹ́ fi wò ó ló yẹ kó pinnu.

Ẹ̀fẹ̀: ti ẹnu àti ti ara

Ẹ̀fẹ̀ kan ń ti ẹnu wá, òmíràn ń ti ara wá. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá tí gbogbo ayé mọ̀, ní méjèèjì. Ó ń de aago orí tábìlì mọ́ ọrùn ọwọ́ bí ẹni de aago ọwọ́, ó ń wọ awò ojú ràbàtà. Kó tó la ẹnu, àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Fíìmù rẹ̀ Ọ̀run Móoru, tí Ọlá Balógun darí ní 1982, ṣì jẹ́ ẹ̀rí pé ọmọdé àti àgbà lè rẹ́rìn-ín sí ohun kan náà nígbà kan náà. Àwọn tó jí fíìmù náà dà kọ jẹ́ kó pàdánù owó ńlá, ìyẹn sì wà lára ìdí tí ẹ̀dà tó mọ́ nínú àwọn fíìmù rẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá rí èyí tí ohùn rẹ̀ mọ́, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín.

Ẹ wá fi Jenifa (2008) ti Fúnkẹ́ Akíndélé wé e. Suliat tó sọ ara rẹ̀ di Jenifa ń fi Gẹ̀ẹ́sì tó ń fọ́ yángá pa wá lẹ́rìn-ín. Ẹni tó mọ bó ṣe yẹ kí ọ̀rọ̀ náà rí ló máa rẹ́rìn-ín jù, torí àárín èyí tó tọ́ àti èyí tó sọ ni ẹ̀fẹ̀ náà wà. Ìyá àgbà tí kò kàwé yóò rẹ́rìn-ín sí ìrìn rẹ̀, sí aṣọ rẹ̀, sí bó ṣe ń yọ ojú, ṣùgbọ́n ìdajì oúnjẹ ló jẹ. Òun ló fà á tí ẹnì kan fi máa ń béèrè pé "kí ló sọ?" lẹ́yìn gbogbo ẹ̀rín. Bí ẹ bá ti ń túmọ̀ ẹ̀fẹ̀ fún ènìyàn ní ìgbà mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ti yan fíìmù tí kì í ṣe tirẹ̀.

Omo Ghetto: The Saga (2020) tún le díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èdè ìgboro Èkó ló gbé e ró, Fúnkẹ́ Akíndélé sì ṣe ìbejì nínú rẹ̀: Sálewá tí wọ́n ń pè ní Lefty, àti Ayọ̀midé. Ó pa ju mílíọ̀nù 600 náírà lọ ní sinimá, èyí tí fíìmù Nàìjíríà kankan kò tíì pa rí nígbà náà. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀ yóò sọ ìtumọ̀ èébú fún yín, kò ní sọ adùn rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ló ni ín. Bí àwọn òbí ìyàwó bá wà nílé, ẹ jẹ́ kó dúró di ọjọ́ mìíràn, nítorí ọ̀rọ̀ rírùn pọ̀ nínú rẹ̀.

A Tribe Called Judah (2023) ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó kọjá bílíọ̀nù kan náírà ní sinimá, òkìkí yìí ló sì ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Wọ́n á rò pé ẹ̀rín ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìyá kan ló bí ọmọkùnrin márùn-ún fún bàbá márùn-ún tó wá láti ẹ̀yà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àìsàn kíndìnrín kọ lù ú, àwọn ọmọ sì gbìmọ̀ olè jíjà kí wọ́n lè rówó ìtọ́jú. Ẹ̀rín wà níbẹ̀, ó sì dùn, àmọ́ ìbọn wà, ikú wà, omijé wà. Ilé tó ń tọ́jú aláìsàn lọ́wọ́ kò nílò rẹ̀ ní alẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi gbàgbé wàhálà. Àwa fúnra wa gbà pé ó dára ju Omo Ghetto lọ gẹ́gẹ́ bí ìtàn, torí pé ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní ìdí tí a lè rí. Fún ẹ̀rín nìkan, Omo Ghetto ló gba ipò kìíní.

Fún ilé tí èdè kò papọ̀, ẹ lọ bá ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Mr. Bean's Holiday (2007) gba ìṣẹ́jú 90, Rowan Atkinson kò sì sọ tó gbólóhùn mẹ́wàá tó nítumọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ wo ibi tó ti ń jẹun ní ilé oúnjẹ ńlá kan ní Paris. Wọ́n gbé ẹran omi tútù inú ìkarahun wá fún un, ó dà á sẹ́nu, ojú rẹ̀ yí padà. Kò lè tu ú dànù nítorí ẹni tó gbé oúnjẹ wá dúró tì í. Ó yọ́ ọ sínú aṣọ ìnuwọ́, ó rí i pé àpò obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣí sílẹ̀, ó wá ń da gbogbo rẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo ènìyàn bí ẹni tó ń gbádùn. Nígbà tí fóònù obìnrin náà dún tó ki ọwọ́ bọ àpò, kò sẹ́ni tó nílò ògbufọ̀. Ọmọ ọdún 5 àti ìyá àgbà ẹni ọdún 80 yóò rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá ní kí ẹ yan ẹ̀fẹ̀ kan ṣoṣo fún gbogbo ilé, òun ni.

Home Alone (1990) náà dára fún ọmọdé, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn ṣáájú: ibi tí ọmọ náà ti ń dẹ pàkúté fún àwọn olè kò dé títí ó fi ju wákàtí kan lọ. Ọmọ tó ti gbọ́ ìròyìn pàkúté yóò máa béèrè rẹ̀ láti ìṣẹ́jú kẹwàá. Ẹ fún wọn ní oúnjẹ nígbà tí ẹbí ń sáré lọ pápákọ̀ òfuurufú, kí wọ́n lè jẹ tán kí eré tó gbóná.

Coming to America (1988) ni ká ṣọ́ra fún. Gbogbo àgbà ló rántí rẹ̀ bí fíìmù ẹbí: ọmọ ọba ilẹ̀ Áfíríkà kan lọ wá ìyàwó ní New York. Ohun tí wọ́n gbàgbé ni pé àwọn obìnrin oníhòòhò wà ní balùwẹ̀ ọmọ ọba kó tó pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀, èébú sì pọ̀. Lẹ́tà R ló wà lára rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà yìí, ẹ jẹ́ ká yanjú rẹ̀ níhìn-ín. Ní ti Amẹ́ríkà, G wà fún gbogbo ènìyàn, PG ní kí òbí wà nítòsí, PG-13 ń kìlọ̀ nípa àwọn tí kò tíì pé ọdún 13, R sì ní ẹni tí kò tíì pé 17 kò gbọdọ̀ dá wò ó láìsí àgbà. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò nílẹ̀ wa ń lo G, PG, 12, 12A, 15 àti 18. Ẹ wò ó kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Àwòrán iwájú fíìmù kì í sọ òótọ́ nípa ọjọ́ orí.

Iná àti ariwo

Ẹ̀yìn fèrèsé ni jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń wà ní ọ̀pọ̀ ilé, ariwo rẹ̀ sì ń wọ orí ohùn ènìyàn ju orí ohùn orin àti ìbọn lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fẹ̀ ẹnu fi máa ń kú lábẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ẹ gbé ohùn sókè, orin á máa ya etí, ọ̀rọ̀ kò sì ní yé síbẹ̀. Alẹ́ jẹnẹrétọ̀, ẹ wo Bean tàbí kàtúùnù. Alẹ́ ínfátà tàbí iná NEPA ni kí ẹ fi wo Jenifa.

Àwọn tó ní ínfátà máa ń bẹ̀rù fíìmù gígùn láìnídìí. Tẹlifíṣàn LED oníwọ̀n 32 kì í sábà jẹ ju bíi wátì 50 lọ. Bátìrì 200Ah oní-fóltì 12, bí ẹ bá lò ó dé ìdajì péré kó má bàjẹ́, yóò fún yín ní bíi 1,200 wátì fún wákàtí kan. Fíìmù wákàtí mẹ́ta yóò mú 150 nínú rẹ̀. Firíìjì ni kí ẹ yọ, ẹ fi tẹlifíṣàn sílẹ̀.

Kàtúùnù kì í ṣe ti ọmọdé nìkan

Ẹni tó bá ti dé Ìtòkú, ọjà adìrẹ Abẹ́òkúta, mọ ìyàtọ̀ adìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n fi ọwọ́ yà àti èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀ gún régé, ìlà rẹ̀ kò yẹ̀, síbẹ̀ ojú máa ń padà sí èyí tí ọwọ́ yà. Bí The Lion King ti 1994 àti ti 2019 ṣe rí gan-an nìyẹn. Ìtàn kan náà ni. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ àwòrán tí wọ́n fi ọwọ́ yà, ìṣẹ́jú 88. Ti kejì jẹ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó jọ kìnnìún gidi bí ẹni pé kámẹ́rà ló ká a, ìṣẹ́jú 118.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ ni ojú. Kìnnìún gidi kò lè fa iwájú orí jọ bíi ti ènìyàn, kò lè fa ètè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí Simba, ọmọ kìnnìún tí ìtàn dá lé, rí òkú bàbá rẹ̀ nínú fíìmù 1994, gbogbo ojú rẹ̀ ló ń sunkún: ojú fẹ̀, etí wó lulẹ̀, ẹnu ń gbọ̀n. Nínú ti 2019, ohùn ló ń sunkún, ojú kàn ń wò. Ọmọdé tó ń fi ojú gbọ́ ìtàn ni èyí máa ń dùn jù. Ẹ fún un ní ti 1994. Ti 2019 dára fún ẹni tó fẹ́ràn ìṣẹ̀dá, koríko àti òjò, àti bí irun kìnnìún ṣe ń mì nínú afẹ́fẹ́. James Earl Jones ló fọ ohùn Mufasa, bàbá Simba, nínú méjèèjì, òun náà ló sì ṣe ọba nínú Coming to America. Nínú èyíkéyìí tí ẹ bá wò, ikú bàbá yẹn wà níbẹ̀ kó tó dé ìdajì. Ilé tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lẹ́nu àìpẹ́ yìí, kó sún un síwájú.

Toy Story (1995) ni fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ya látòkèdélẹ̀. Ìṣẹ́jú 81 péré ni, owú tí Woody, ohun ìṣeré àtijọ́, ń jẹ Buzz, ohun ìṣeré tuntun, sì yé ọmọ tó bá ti ní àbúrò rí. Ọmọ ọdún 4 lè wò ó, ẹ kàn jókòó tì í nígbà tí wọ́n bá dé yàrá Sid, ọmọ tó ń ba ohun ìṣeré jẹ́, níbi tí àwọn ohun ìṣeré tí wọ́n ti gé orí wọn tí wọ́n so mọ́ ara ohun mìíràn ń rìn kiri. Inside Out (2015) rẹwà jù ú lọ lójú tiwa, ṣùgbọ́n inú orí ọmọbìnrin kan ni ìtàn náà ti ń ṣẹlẹ̀, ayọ̀ àti ìbànújẹ́ sì ti di ènìyàn níbẹ̀. Ọmọ tí kò tíì tó ọdún 7 yóò rí àwọn àwọ̀ tó ń dán, kò ní mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọmọ ọdún 10 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí ilé ìwé padà ni fíìmù náà ń bá sọ̀rọ̀.

Coco (2017) yẹ kó wà nínú ilé Yorùbá. Ilẹ̀ Mẹ́síkò ni, ọmọkùnrin kan bọ́ sí ọ̀run àwọn òkú, ó rí i pé òkú tí ẹnikẹ́ni kò rántí mọ́ lórí ilẹ̀ ayé yóò kú lẹ́ẹ̀kejì. Àwa tí ń pe orúkọ bàbá ńlá kí á tó mu omi, tí a ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé fíìmù yìí fún wa. Ilé tí kò fẹ́ kí ọmọ rí ohun tó jọ ọ̀ràn àwọn òkú yẹ kó mọ̀ ṣáájú pé egungun tó ń rìn, tó ń kọrin, ló kún inú rẹ̀.

Ní ti ilẹ̀ wa, Lady Buckit and the Motley Mopsters (2020) ni kàtúùnù gígùn àkọ́kọ́ tó jáde ní Nàìjíríà. Iwájú (2024), eré alápá mẹ́fà nípa Èkó ọjọ́ iwájú, tí ilé iṣẹ́ Kugali àti Disney jọ ṣe, lọ jìnnà jù ú lọ nínú àwòrán: kẹ̀kẹ́ tó ń fò, Erékùṣù àti Mainland tí owó pín níyà, Tọ́lá ọmọ olówó àti Kọ́lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò ní. Ọmọ Abẹ́òkúta tó bá rí i yóò mọ gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ àfi kẹ̀kẹ́ tó ń fò.

Spider-Man: Into the Spider-Verse (2018) dúró láàárín kàtúùnù àti akọni. Ó gba Oscar, àwa náà sì gbà pé òun ló dára jù nínú gbogbo fíìmù Spider-Man. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pa á láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá nítorí wọ́n rò pé ẹ̀dà tiwọn ti bàjẹ́. Ohun méjì ló ń fà á. Àkọ́kọ́, àwọ̀ pupa àti búlúù ń yọ kúrò lẹ́yìn ara wọn ní ẹ̀yìn àwòrán, bíi ìwé àwòrán àtijọ́ tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò tẹ̀ déédéé. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Èkejì, Miles, ọmọ tí ìtàn dá lé, ń rìn já-já. Àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nínú fíìmù, ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀, 12 ni wọ́n yà fún Miles, wọ́n sì ń lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Peter, Spider-Man àgbà tó ti mọ iṣẹ́, ń gba 24 rẹ̀ pé. Ẹ wo ibi tí àwọn méjèèjì ti ń fò láàárín igi nínú yìnyín: ọ̀kan ń yọ̀ bí epo, ìkejì ń kọsẹ̀. Bí Miles ṣe ń mọ̀ ọ́n sí i ni ìrìn rẹ̀ ń dán sí i. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu tó sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ojú ló ń gbọ́ ọ.

Akọni alágbára: ibo la ti ń bẹ̀rẹ̀?

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí ẹni tí kò wo Marvel rí bẹ̀rẹ̀ láti Avengers: Endgame (2019) torí pé òun ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Òun ni fíìmù kejìlélógún nínú ìtàn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2008, ó sì gba ìṣẹ́jú 181. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ dà bí ẹni tó dé ibi ìnáwó lẹ́yìn tí wọ́n ti jẹun tán: yóò rí èèyàn tó ń sunkún, kò ní mọ ẹni tó kú.

Kò pọn dandan kí ẹ wo gbogbo 22. Mẹ́fà yìí tó: Iron Man (2008), The Avengers (2012), Captain America: Civil War (2016), Black Panther (2018), Avengers: Infinity War (2018), kí ẹ tó wá dé Endgame. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú 40. Bí ẹ bá ń wo ọ̀kan lọ́sẹ̀, oṣù kan àtààbọ̀ ni. Ẹ má ṣe wo Infinity War àti Endgame lọ́jọ́ kan náà, ìparí ti àkọ́kọ́ nílò ọjọ́ mélòó kan kó tó wọni lára. Bí àyè bá wà fún ìkeje, ẹ fi Thor: Ragnarok (2017) sí i kí ẹ tó dé Infinity War, nítorí ibi tí ọ̀kan parí sí ni ìkejì ti bẹ̀rẹ̀, ó sì pa ni lẹ́rìn-ín ju ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọ́n pè ní ẹ̀fẹ̀ lọ. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bá ń gòkè, ẹ má tíì pa á. Marvel sábà máa ń fi eré kékeré kan sí ẹ̀yìn orúkọ, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń ju okùn sí fíìmù tó ń bọ̀.

Ẹni tí kò fẹ́ okùn gígùn, kó mú èyí tó dá dúró. Spider-Man (2002) ti Sam Raimi rọrùn, ó sì mọ́. Wonder Woman (2017) dára fún ọmọbìnrin tó ti lé ní ọdún 12. The Dark Knight (2008), fíìmù Batman, ni iṣẹ́ tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n PG-13 tó wà lára rẹ̀ kò sọ bí Joker, ọ̀tá Batman, ṣe ń bani lẹ́rù tó. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ hàn, ẹ fi sílẹ̀ fún ọmọ ọdún 15 sókè.

Deadpool (2016) ni pàkúté tó ń mú òbí jù. Ó wọ aṣọ pupa, ó bo ojú, ó jọ Spider-Man lójú ọmọ ọdún 6 àti lójú bàbá tó ń sáré. R ni. Èébú, ẹ̀jẹ̀ àti ìbálòpọ̀ wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Logan (2017), tí ọmọbìnrin kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń gé ènìyàn. Joker ti 2019 náà jẹ́ R, ẹni tó bá sì ń retí ìjà níbẹ̀ yóò pẹ́ kó tó rí i.

Black Panther yẹ fún ọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i. Ìṣẹ́jú 134 ni, Ryan Coogler darí rẹ̀, ó gba Oscar mẹ́ta: ti aṣọ, ti ilé àti àyíká, ti orin. Kó tó pẹ́ tí eré bẹ̀rẹ̀, igbó Sambisa ní Nàìjíríà ni wọ́n dé, níbi tí T'Challa, ọba Wakanda, ilẹ̀ àròsọ kan ní Áfíríkà, ti dá ọkọ̀ àwọn agbénipa tó kó obìnrin dúró. Xhosa ni èdè Wakanda. Ẹ fi etí sílẹ̀ nígbà tí T'Challa bá ń wọlé: ìlù tama ti Senegal, ìbátan gángan wa, ni Massamba Diop ń lù níbẹ̀, ìlù náà sì ń pe orúkọ ọba. Ọ̀pọ̀ òǹwòran níbòmíràn gbọ́ ìlù lásán. Ní Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ṣe àjọ̀dún ìlù Áfíríkà rí, ó yẹ kí ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń jẹ ọba lẹ́bàá omi náà kò ṣàjèjì: wọ́n fún ọmọ oyè ní ohun mímu tó gba agbára ewé kúrò lára rẹ̀, kó lè bá ẹni tó fẹ́ du oyè jà bí ènìyàn lásán. Bí ìyá àgbà bá máa wo Marvel kan péré láyé rẹ̀, òun ni ká fún un, kí ẹnì kan sì máa sọ ọ̀rọ̀ náà fún un ní jẹ́jẹ́.

Ẹ jẹ́ ká gbé tiwa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Jagun Jagun (2023), tí Fẹ́mi Adébáyọ̀ gbé jáde lórí Netflix, ní ilé ìkọ́ni lógun, ó ní jagunjagun tó ń pàṣẹ fún igi. Agbára akọni Amẹ́ríkà máa ń ti ara ìjàm̀bá, ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí owó wá: aláǹtakùn bu ọ̀kan jẹ, ọ̀kan rọ aṣọ irin fún ara rẹ̀. Agbára tiwa ń ti ọfọ̀ àti oògùn wá, ó sì ní èèwọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí ìjà fíìmù wa ní ẹ̀rù tirẹ̀: ẹni tó mọ èèwọ̀ rẹ lè pa ọ́ láìgbé idà. Ohun tí àwa ń jẹ tí àjèjì kì í rí ni ọfọ̀ yìí. Bí ẹnì kan bá fi ewé tẹ̀tẹ̀ ní kí a tẹ ọ̀tá mọ́lẹ̀, inú orúkọ ewé ni agbára náà wà. Ẹ ka Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, orúkọ ewé kan àti àṣẹ kan ló kù. Fún àgbà tó gbọ́ Yorùbá dénú, Jagun Jagun borí Marvel lójú tiwa. Fún ọmọdé, ẹ má tàn án rárá, ẹ̀jẹ̀ pọ̀ níbẹ̀.

Lisabi: The Uprising (2024), tí Níyì Akínmọláyàn darí, tí Lateef Adédiméjì ṣe Lísàbí, ni tilé wa. Gbogbo ọmọ Ẹ̀gbá tó mọ Ọjọ́ Lísàbí ló mọ ìpìlẹ̀ ìtàn náà: àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́ ń jẹ gàba lórí Ẹ̀gbá, Lísàbí fi àáró, ẹgbẹ́ ìrànlọ́wọ́ oko, kó àwọn ọkùnrin jọ títí wọ́n fi dìde. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí Black Panther ni pé T'Challa jogún agbára àti ìtẹ́, Lísàbí jẹ́ àgbẹ̀ tó ní láti wá agbára lára àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwòrán Black Panther dán jù ú lọ púpọ̀púpọ̀, a ò lè parọ́. Ẹ wo méjèèjì pẹ̀lú ọ̀dọ́ tó ti lé ní ọdún 15, kí ẹ sì sọ ìtàn Lísàbí gidi fún un kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀, kó lè mọ ibi tí wọ́n ti fi eré kún un.

Ohun tó yẹ kí ẹ tún ṣe lára tẹlifíṣàn

Tẹlifíṣàn tuntun máa ń fi àwòrán tirẹ̀ kún àárín àwòrán fíìmù kó lè dán. Samsung ń pè é ní Auto Motion Plus, LG ní TruMotion, Sony ní Motionflow. Fún bọ́ọ̀lù, ó dára. Fún fíìmù, ó ń sọ gbogbo rẹ̀ di bí ìròyìn aago mẹ́sàn-án, ó sì ń ba iṣẹ́ 12 àti 24 tí wọ́n ṣe fún Miles jẹ́ pátápátá. Ẹ pa á. Ẹ yí àwòrán sí Movie tàbí Cinema, kí ẹ kúrò ní Vivid. Fíìmù akọni tó ń ṣẹlẹ̀ lóru, irú Batman, kò ṣeé wò lọ́sàn-án bí kọ́tìnnì bá ṣí sílẹ̀, dúdú lẹ ó máa rí. Ọ̀sán, ẹ wo kàtúùnù.

Bí ìbúgbàù bá ń ya etí tí ọ̀rọ̀ kò sì yé, ẹ lọ sí ibi ohùn nínú fíìmù náà, ẹ yan èyí tí kò ní 5.1 lára. Ohùn 5.1 ń gbé ọ̀rọ̀ ẹnu sí sípíkà àárín, tẹlifíṣàn yín kò sì ní sípíkà àárín.

Ẹ̀dà tí ẹnì kan fi fóònù ká ní sinimá, ẹ má náwó lé e. Ẹ̀fẹ̀ lè rọ́nà yè níbẹ̀ bí ohùn bá mọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n fíìmù akọni àti kàtúùnù ti kú, nítorí àwòrán ni gbogbo ohun tí wọ́n ní. Owó tó ba Bàbá Sàlá nínú jẹ́ ni irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀ ṣì ń jẹ títí dòní.

Ní ti dátà, Netflix ní ìwọ̀n àárín ń jẹ tó 0.7GB ní wákàtí kan, èyí tó mọ́ kedere lè jẹ tó 3GB. Ní irú ìwọ̀n àárín yìí, fíìmù ìṣẹ́jú 90 bíi ti Bean yóò jẹ bíi 1GB, tó bá sì gùn tó Endgame yóò jẹ bíi 2.1GB. Ní ìwọ̀n tó mọ́, 9GB ni. Lórí tẹlifíṣàn 32, ojú kò fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ fún ẹ̀fẹ̀, ẹ lo ìwọ̀n àárín. Fún Spider-Verse àti Black Panther nìkan ni ká fi èyí tó mọ́ sí. Bí ẹ bá ní dátà òru, ẹ gbà á sílẹ̀ sórí fóònù tàbí tábúlẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ kùtù, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kí àwọn ọmọ tó jí bóyá ó pé, nítorí èyí tó dúró ní ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní ṣí nígbà tí gbogbo ilé bá ti jókòó.